Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Bí Wọ́n Ṣe Ń Kan Tábìlì Ìkọ̀wé Onídúrọ́ọ̀

Tábìlì ìkọ̀wé onídúrọ́ọ̀ ní ẹ̀yà mẹ́ta: ojú tábìlì, férémù tó gbé e dúró, àti dúrọ́ọ̀ tí ẹrù ń wọ̀. Gíga rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 29 sí 30, kí orúnkún ẹni tó jókòó lè ráyè lábẹ́ rẹ̀.

Igi gbígbẹ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Igi àfárá fúyẹ́, ó sì rọrùn láti rẹ́. Ọ̀gánwó le jù ú lọ. Igi tútù máa ń súnkì tó bá gbẹ, oríkèé tábìlì á sì yẹ̀.

Férémù ni káfíńtà kọ́kọ́ ń kàn. Yóò fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun dé igun tó dojú kọ ọ́, yóò sì wọn igun méjì yòókù bákan náà. Bí ìwọ̀n méjèèjì kò bá dọ́gba, férémù ti wọ́ nìyẹn, dúrọ́ọ̀ kò sì ní wọlé geere.

Dúrọ́ọ̀ ló gba sùúrù jù. Irin tí ọ̀pọ̀ dúrọ́ọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ ń fẹ́ ààyè ìdajì ínǹṣì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, bí ojú ihò tí dúrọ́ọ̀ ń wọ̀ bá fẹ̀ tó ínǹṣì 15, àpótí dúrọ́ọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 14. Níbi tí kò bá sí irin, àbẹ́là ni wọ́n fi ń pa igi lára kó lè máa yọ̀.

Sánpépà ló kàn, èyí tó rí ṣákiṣàki ṣáájú èyí tó kúnná, kí wọ́n tó kun fáníìṣì.