Òkè-Odò àti Oúnjẹ Tí Ó Ti Ọ̀nà Jíjìn Wá

Ẹni tí ó bá gba ojú títì Èkó sí Abẹ́òkúta kọjá ní kùtùkùtù yóò rí ọjà Òkè-Odò, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sọ iṣu, gàrí, ẹ̀wà, àlùbọ́sà àti tòmátì kalẹ̀. Ọjà oúnjẹ ni, ó sì tóbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ kíún ni a gbìn nítòsí nínú ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ilẹ̀ oko àwọn Àwórì ni gbogbo àgbègbè Alímọ̀ṣọ́ rí, títí dé Ìkòtún, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgandò.

Àgége, tí kò jìnnà sí Òkè-Odò, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Ní ọdún 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà reluwé láti Èkó, ó sì gba Àgége kọjá lọ sí Ìbàdàn. Ní àkókò náà òwò ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn oníṣòwò Èkó kan lọ́wọ́, wọ́n sì yíjú sí oko. J. K. Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkọ̀, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní ọdún 1907 wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Àgége sílẹ̀. Kòkó ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn alágbàṣe wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n gba owó iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kó irúgbìn kòkó lọ sí ilé. Púpọ̀ nínú kòkó tí ó sọ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Oǹdó di ọlọ́rọ̀ ni ó bá ọ̀nà yìí dé ọ̀hún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba ni àwọn tí ó rántí.

Ilẹ̀ Àgége fúnra rẹ̀ kò gba kòkó tó bẹ́ẹ̀, nítorí iyanrìn pọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí owó kòkó sì já lulẹ̀ ní ọdún 1920 sí 1921, gbèsè wọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́rùn. Obì gbàǹja ni ó rọ́pò rẹ̀. Ọ̀nà reluwé ti dé Kánò nígbà náà, àwọn Hausa sì ń wá sí Àgége láti ra obì lọ sí Òkè Ọya.

Lẹ́yìn náà ni ilé dé. Bí Èkó ti ń kún, ilẹ̀ tí a fi ń gbin obì di ilẹ̀ tí a ń tà fún àwọn tí ń wá ibi tí wọn yóò kọ́lé sí. Ẹni tí ó ta ilẹ̀ rí owó gbà ní ọjọ́ kan ju èyí tí oko lè mú wá ní ọdún púpọ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè bá a wí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ni kò rí ilẹ̀ jogún. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 1,277,714 ni a kà ní Alímọ̀ṣọ́, ó sì pọ̀ ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó lọ.

Òkè odò ni ìtumọ̀ orúkọ ibí yìí, òdìkejì odò Ọya sì ni ìtumọ̀ Òkè Ọya. Ìyá tí ń se ọbẹ̀ ní òkè odò kan ń retí apẹ̀rẹ̀ tòmátì láti òkè odò kejì. Ohunkóhun tí ó bá ṣe ọ̀nà tàbí oko ọ̀hún, inú ìkòkò rẹ̀ ni yóò ti hàn. Ní ọdún 2016 kòkòrò kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Tuta absoluta, tí ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ ewé àti èso, ba oko tòmátì jẹ́ ní Kàdúná àti Kánò, tòmátì sì di ọ̀wọ́n gógó. Ní oṣù kejì ọdún 2021, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù dá ọkọ̀ dúró kí oúnjẹ má baà wá sí gúúsù. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni wọ́n tó ṣí ọ̀nà. Nígbà tí ìjọba sì mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí bẹntiróòlù ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni jálá kan, tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀, sún mọ́ 500 náírà ní Èkó. Dísù ni ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ń mu lóòótọ́; ṣùgbọ́n bẹntiróòlù ni ọkọ̀ kékeré tí ń gbé ẹrù alájàpá láti Òkè-Odò lọ sí àdúgbò, alájàpá náà sì ní láti gbé owó náà lé orí iye ọjà rẹ̀.

Ewé nìkan ni kò fi ìtòsí sílẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kì í lè rìn ọ̀nà ọjọ́ méjì kí ó má rọ. Nítorí náà ni a ṣì fi ń rí ebè ẹ̀fọ́ ní àbàtà àti ní àyè tí a kò tíì kọ́lé sí ní Èkó. Bí oṣù kan ti ń pé ni a ti ń ká a, owó rẹ̀ sì ń yára wọlé. Kí ẹni tí ń gbìn ín má ṣe fi omi gọ́tà rin ín, nítorí ẹyin aràn àti àrùn ìgbẹ́ gbuuru wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó rà á kò sì mọ omi tí ó mu: kí ó fi omi mímọ́ ṣàn án dáadáa, ewé kan lẹ́yìn òmíràn, kí ó tó sè é.