Ìwé-ẹ̀rí nìkan kọ́ ló ń sọni di olùtọ́jú arúgbó

Bí ọmọ tó wà ní London bá pe ajẹ́ńtì l'Ékòó pé kó bá òun wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá òun nílé, kì í pẹ́ rárá tí ajẹ́ńtì náà yóò fi mú ọmọbìnrin kan tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí yóò sì fi í ránṣẹ́. Owó ti wọlé nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí àrùn rọpárọsẹ̀ bá ti mú ìyá náà lápá kan, tí ọmọbìnrin yìí sì di apá tó rọ yẹn mú láti fi fà á dìde, èjìká ìyá lè yẹ̀. Bí kò bá sì mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn máa yí ẹni tó dùbúlẹ̀ sójú kan padà láti ìgbà dé ìgbà, egbò yóò dá sí i nídìí àti ní gìgísẹ̀. Ta ni oníbàárà yóò wá bá jà? Ajẹ́ńtì ni.

Ojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti rí i. Lọ́dún 2013, lẹ́yìn ìyà tó jẹ àwọn aláìsàn ní ọsibítù Stafford, Camilla Cavendish ṣèwádìí, ó sì dá a lábàá pé kí gbogbo olùtọ́jú máa gba ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ kan náà. Oṣù kẹrin, ọdún 2015, ni Care Certificate bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ 15. Ibi tó ti dára jù ni pé èèyàn kò lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kó gbà á. Ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ fojú ara rẹ̀ rí òṣìṣẹ́ tuntun lẹ́nu iṣẹ́ kó tó buwọ́ lùwé. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá ní àwọn yóò fún ní Care Certificate lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ní kíláàsì kan n'Ìkẹjà, kó bi wọ́n pé ta ló wo òun lẹ́nu iṣẹ́.

Ètò náà ní àléébù tirẹ̀ o. Bí olùtọ́jú bá pààrọ̀ ibi iṣẹ́, ọ̀gá tuntun sábà máa ń ní kó tún un kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, owó lórí owó. Èyí wà lára ohun tó mú kí wọ́n gbé ìwé-ẹ̀rí tuntun kan jáde lọ́dún 2024, tí òṣìṣẹ́ lè mú dání lọ síbi iṣẹ́ mìíràn.

Láti July 22, 2025 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ti ilẹ̀kùn físà olùtọ́jú mọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ láti òkè òkun. Ẹni tó ti náwó kọ́ṣẹ́ náà nítorí ìrìn-àjò, oníbàárà ilé ló kù fún un báyìí. Àǹfààní ajẹ́ńtì nìyẹn.

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tó ń báni gba òṣìṣẹ́ gba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń wẹ arúgbó. Ajẹ́ńtì tó bá gbọ́n lè bẹ nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì kó dúró ti olùtọ́jú tuntun fún ọjọ́ mélòó kan, kí ìwé kékeré kan sì wà nílé tí wọ́n ń kọ oúnjẹ àti àkókò oògùn sí. Owó nọ́ọ̀sì yóò wọ inú iye tí oníbàárà ń san. Bí ọmọ tó wà ní London bá ní ó ti wọ́n jù, kí ajẹ́ńtì ya fọ́tò ojú ewé kan nínú ìwé náà ránṣẹ́ sí i.