Àbákẹ́, Orúkọ Tó La Òkun Kọjá

Bí ìyá àgbà bá pè mí lórí fóònù ní Under G, l'Ógbòmọ̀ṣọ́, "Àdùkẹ́" ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wí. N kò rò ó rí pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lè di ẹ̀rí.

Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó ẹrú dé Mobile, ní Alabama l'Amẹ́ríkà. Ọmọ bí ọdún méjì kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Matilda ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n Àbákẹ́ ni orúkọ tí wọ́n fún un nílé. Ilà wà lójú rẹ̀, ó sì ń di irun bíi ti ilẹ̀ wa títí ó fi dàgbà. Ó kú ní 1940. Ọdún 2020 ni òpìtàn Hannah Durkin gbé ìtàn rẹ̀ jáde.

Lónìí, àyẹ̀wò DNA ti gbòde: a ó tutọ́ sínú ìgò, a ó máa retí ìbátan. Ṣùgbọ́n àwọn tó ti tutọ́ nìkan ni wọ́n lè fi wéra. Bí ẹnikẹ́ni nílé kò bá ṣe é, ta ni ọmọ Alabama yóò bá pàdé?

Oríkì pàápàá ní ààlà. Àbákẹ́ wà nílé Oníkòyí, ó wà nílé Olọ́fà. Oríkì orílẹ̀ ló ń ya ìdílé sọ́tọ̀, mélòó ni ọmọ ọdún méjì sì lè rántí nínú rẹ̀?

Mo ní kí ìyá àgbà ki tiwa fún mi. Wọ́n dé àárín, wọ́n dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn tó mọ ìyókù ti lọ. Mo ti gba èyí tó kù sórí fóònù.