Kíkọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ìjọba àti Aládàáni ní Ìlú Sókótó: Àpẹẹrẹ Ìkòkò Amọ̀

Ìfáárà
Ní oṣù Kẹrin, ooru ìlú Sókótó a máa ju 40°C lọ. Síbẹ̀, omi inú randa, ìkòkò amọ̀ àwọn Haúsá, máa ń tutù. Kí ló fà á? Iṣẹ́ yìí fi ìbéèrè náà ṣàlàyé bí a ṣe lè kọ́ sáyẹ́ǹsì láìnáwó rẹpẹtẹ.

Ìṣòro Tó Wà Nílẹ̀
Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, ọmọ pọ̀ ju ohun èlò lọ. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni lè ní ìwé aláwòrán, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà fi ń kọ́ ọmọ tó ń sọ Haúsá nílé. Àkọ́sórí wọ́pọ̀ níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Ọmọ á gba máàkì, kò ní lè sọ ìdí tí omi ilé wọn fi tutù.

Ìmọ̀ Inú Ìkòkò
Ní ọdún 1995, Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, ki ìkòkò kékeré bọ inú ńlá, ó da iyanrìn tútù sáàárín wọn, ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Ìgbá tí ì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ 3 lo ọjọ́ 27 nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000. Omi ń yọ́ gba ara amọ̀ jáde, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń gbé e lọ, bó sì ti ń lọ ló ń kó ooru dání. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lákòókò òjò.

Nínú Kíláàsì
Kí olùkọ́ bu omi sínú agolo méjì, kí ó fi àkísà tútù wé ọ̀kan, kí ó sì gbé wọn síbi ìbòòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Lẹ́yìn wákàtí kan, kí àwọn ọmọ fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ fi Haúsá sọ ohun tí wọ́n rí, kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá ṣe irú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀
Owó lè ya ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì sọ́tọ̀. Ìkòkò kò yà wọ́n. Ọwọ́ àwa olùkọ́ni-àgbà ló kù sí. Bí a bá lọ wo akẹ́kọ̀ọ́ wa lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni, ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwọn ọmọ ń fọwọ́ ṣe kí a tó wo ohun tó wà lójú pátákó.