Ọjọ́ Wo Ni Ọmọ Ẹgbẹ́ Tuntun Tó Lè Sọ̀rọ̀ Ní Ìpàdé?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí kì í ṣe ti ìjọba, ti ilé wa ni. Ó kan òfin kan tó wọ́pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Sókótó níbí: pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọdọ̀ nawọ́ sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Àwọn kan ní oṣù mẹ́ta ni yóò fi dákẹ́, àwọn kan ní oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ọdún kan gbáko. Àwọn ọ̀dọ́ ń kùn pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ àwọn. Àwọn àgbà ń sọ pé ààbò ẹgbẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gbé e yẹ̀ wò tọ̀tún tòsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí òfin náà ti wá. Reluwé kò dé Sókótó. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo gbéra láyé àwọn bàbá wa, Gusau tàbí Kaura Namoda ló ti ń sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ló sì ń gbé e dé ibí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í dá wá. Lẹ́tà tàbí iṣẹ́ tí ará ilé rán ló fi ń wá ẹni tí yóò gbà á sílé, nítorí náà, kí ó tó dé ìpàdé, ẹnì kan ti mọ ilé baba rẹ̀. Lóde òní, fóònù ni ènìyàn fi ń béèrè ibi ìpàdé. Àwọn àgùnbánirọ̀ ń dé sí àgọ́ Wamakko, àwọn sójà àti ọlọ́pàá ń dé tẹbí tẹbí, akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ Yunifásítì Usmanu Danfodiyo, oníṣòwò ń dé lójoojúmọ́. Nínú ogún tó wọlé, ó lè má sí ẹnì kan ṣoṣo tí a mọ ilé baba rẹ̀.

Ẹgbẹ́ mélòó ni kò tíì rí aburú tó ń ti ibẹ̀ wá? Ẹnì kan á dé, ẹnu rẹ̀ á dùn bí oyin, á máa kí bàbá, á máa kí ìyá. Kò ní pé oṣù méjì tí wọn yóò fi ní kó máa bá wọn gba owó àjọ. Ọjọ́ tí owó bá pé ni wọn kò ní rí i mọ́. Fóònù rẹ̀ kò ní lọ, onílé rẹ̀ kò sì ní mọ orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá tó fi èrè àkàrà dá àjọ fún oṣù mẹ́wàá ni yóò máa sunkún. Ẹlòmíràn kò jí owó, ọ̀rọ̀ ni tirẹ̀: kò mọ ìjà tí àwọn àgbà ti parí lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn, yóò dìde, yóò tún un hú síta. Àlejò lójú, kò fi í ríran. Ẹni tó ṣe òfin náà kò ya wèrè.

Kì í sì í ṣe àwa nìkan. Ní ilé aṣòfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ilé tuntun kì í kàn dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kó máa bá wọn jiyàn. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ kan wà tí yóò kọ́kọ́ sọ. Àṣà ni pé kí ó yin ẹni tó wà lórí àga náà ṣáájú rẹ̀, kí ó sọ nípa agbègbè tó rán an wá, kí ó má sì gbé ìjà kalẹ̀. Àwọn yòókù náà kì í já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kemi Badenoch, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, wọlé ìbò ní oṣù kẹfà ọdún 2017, oṣù keje ló sọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ tirẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, òun ni ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative yàn ṣe olórí. Ní Amẹ́ríkà, láyé àtijọ́, wọ́n máa ń retí pé kí sẹ́nétọ̀ tuntun dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó máa wo bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe. Àṣà yẹn ti di ohun àná. Ẹ ṣàkíyèsí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì: wọn kò dí ẹnu àlejò. Ọ̀nà kan ni wọ́n ṣí fún un láti gbà wọlé, wọ́n sì ń bu ọlá fún un bó ti ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ewu tó wà nínú dídí ẹnu ènìyàn pátápátá, a rí i níbí. Ìgbà ooru ọdún 2017, àrùn yínrùnyínrùn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, bẹ́ sílẹ̀ ní Zamfara, ó dé Sókótó, ó dé Kebbi àti Katsina. Kí ó tó rọlẹ̀, àwọn tó bá a lọ ní Nàìjíríà ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Ní ìpàdé kan tí a wà ní àkókò náà, nọ́ọ̀sì kan nawọ́. Kò tíì pé oṣù méjì tó ti Ìlọrin dé. Akọ̀wé wo ìwé, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, ẹ kò tíì pé oṣù mẹ́fà." Obìnrin náà jókòó. Ìyá àgbà kan, tó ti wà ní Sókótó kí wọ́n tó bí akọ̀wé, ló dìde. Ó ní, "Ṣé èmi lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀? Ó dáa, mo gbé àyè tèmi fún un." Kò sí ibi tí òfin ti kọ ìyẹn, alága sì ní kí nọ́ọ̀sì máa sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó ní kí a má ṣe máa kó ọmọ mẹ́fà, méje sùn sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Ó ní ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná, tí orí ń fọ́ ọ, tí ọrùn rẹ̀ sì le gan, kí a má fi àgbo dán an wò, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó ní bí abẹ́rẹ́ àjẹsára bá dé àdúgbò wa, kí a má sá. Kí oṣù náà tó tán, ara ọmọ ìyá kan tó wà ní ìpàdé yẹn gbóná, ọrùn rẹ̀ gan. Ilé ìwòsàn ni ìyá rẹ̀ gbé e lọ tààrà. Ọmọ náà yè. Bí ìyá àgbà kò bá dìde ńkọ́?

Ìdí mìíràn tún wà tó fi yẹ kí àwa, ju ẹnikẹ́ni lọ, tún òfin yìí wò. Àwa náà, àlejò ni wá. Sókótó gbà wá, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Sultan àti gbogbo onílẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé níbi gbogbo ní orílẹ̀-èdè yìí. Ṣùgbọ́n orí kejì ni abala náà wà, abala 6 sì ti dí ilé ẹjọ́ lọ́wọ́ láti dá sí ohun tó wà níbẹ̀. Abala 318 ní tirẹ̀ ní, kí a tó lè pe ènìyàn ní ọmọ ìpínlẹ̀ kan, bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, gbọ́dọ̀ jẹ́ ara àwùjọ tó ni ilẹ̀ níbẹ̀. Àjèjì tó ti òkè òkun wá, abala 27 dá ọjọ́ fún un: bí ó bá gbé Nàìjíríà fún ọdún 15, ó lè béèrè láti di ọmọ Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Sókótó, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, kò sí iye ọdún kankan tí abala 318 kà fún un.

Àwọn bàbá wa tó wà ní Gánà rí èyí tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìníṣà, àwọn tó ti ṣòwò níbẹ̀ fún ogún, ọgbọ̀n ọdún, di ẹni tó ń di ẹrù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà. Ẹni tó bá mọ bí ó ti ń dunni tó láti jẹ́ ẹni tuntun títí ayé, kò yẹ kí ó gbé ẹrù yẹn ru ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ìpàdé.

Kí wá ni ṣíṣe? Ní tiwa, àpò, àga àti ẹnu kì í ṣe ohun kan náà. Àpò ẹgbẹ́ yẹ ní ṣíṣọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ló ń ní kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ́kọ́ fi owó pamọ́ fún oṣù mélòó kan, kó sì mú onídùúró wá, kó tó yá owó. Ìyẹn dára. Àga náà yẹ kó dúró díẹ̀: kí ẹni tó fẹ́ ṣe akápò jẹ́ ẹni tí a ti mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà àwọn ará Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844 ni àwọn aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti gbà pé ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìbò kan ṣoṣo, ì báà lówó, ì báà má lówó. Àwọn náà ń ṣọ́ àpò, wọn kò torí rẹ̀ fi ohùn du ara wọn.

Nítorí náà, a dábàá báyìí. Ìpàdé àkọ́kọ́, kí àlejò jókòó, kí wọ́n ka òfin ẹgbẹ́ sí i létí. Ìpàdé kejì, kí ó dìde sọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti ìpàdé kẹta, kí ó máa nawọ́ bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ àìsàn, iná, ọ̀fọ̀ tàbí ààbò kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kankan. Kí ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́ lè yá àlejò ní àyè tirẹ̀, bí ìyá àgbà ti ṣe, kí ó sì wà nínú ìwé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí òfin ní ọjọ́ tí yóò parí lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ó má jẹ́ ojú tí alága bá fi wo ènìyàn ni a ó máa lò.

Ẹ̀yin tuntun náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí, ẹ béèrè kí ẹ tó dá sí ọ̀rọ̀ àtijọ́, ẹ san owó oṣù yín lásìkò. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀yin alága àti akọ̀wé, bí ẹ bá tún ń ṣe ìpàdé gbogbogbòò, ẹ mú ìwé òfin yín dání. Ẹ wá ibi tí ọ̀rọ̀ yìí wà, ẹ kà á sókè, kí ẹ sì fi síwájú gbogbo ilé, tuntun àti àgbà.