Ìbòjú, Òjìji àti Ẹni Inú: Ẹ̀kọ́ Carl Jung Níwájú Ìwé Mímọ́

Carl Jung (1875–1961), oníṣègùn àrùn ọpọlọ ọmọ Switzerland tí bàbá rẹ̀ jẹ́ pásítọ̀, ṣàkíyèsí pé àwọn àwòrán kan máa ń jọra nínú àlá àti ìtàn àwọn ẹ̀yà tí kò pàdé rí: ìyá, arúgbó ọlọ́gbọ́n, akọni tó ń bá ẹranko ńlá jà. Ó pe orísun wọn ní archetype; àwa yóò pè é ní àwòṣe ìpìlẹ̀. Ohun mẹ́ta nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan iṣẹ́ wa gbọ̀ngbọ̀n.

Èkíní ni ìbòjú, ìyẹn ojú tí a ń gbé pàdé àwùjọ. Kò burú, kò sí pásítọ̀ tó lè tú gbogbo inú rẹ̀ síta lórí àga ìwàásù. Ewu ibẹ̀ ni kí ìbòjú lẹ̀ mọ́ ojú, kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa ṣe alábòójútó títí dé ìyẹ̀wù, kí aya rẹ̀ má rí ọkọ bá sọ̀rọ̀.

Èkejì ni òjìji: ohun tí a kọ̀ láti gbà pé ó wà nínú wa, tí a wá ń rí lára ẹlòmíràn. Ìwé Mímọ́ ti fi èyí hàn ṣáájú Jung. Nígbà tí Nátánì pa ìtàn ọ̀dọ́-àgùntàn kan fún Dáfídì (2 Sámúẹ́lì 12), inú bí ọba sí ọlọ́rọ̀ inú ìtàn náà, ó sì dá a lẹ́jọ́ ikú. Kò mọ̀ pé ara òun ni òun ń dá lẹ́jọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń sán ààrá lé lórí jù lọ lè jẹ́ èyí tí a fi pamọ́ sílé.

Ó kan iṣẹ́ ìtúsílẹ̀ pẹ̀lú. A gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ń bẹ, a sì ń lé wọn jáde lórúkọ Jésù. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ gbogbo ìbínú àti ojúkòkòrò di ẹ̀mí tó ti ìta wọlé, a ti gba ìrònúpìwàdà lọ́wọ́ ẹni náà. Nínú Róòmù 7, ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbé inú òun gan-an ni Pọ́ọ̀lù ń kérora lé lórí.

Níbi ẹ̀kẹta ni ọ̀nà wa ti yà. Jung gbà pé ojúlówó ara ẹni ni àárín gbùngbùn ọkàn, níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ènìyàn ti di ọ̀kan. Nínú ìwé rẹ̀ Aion (1951), ó ka Kristi sí àmì rẹ̀, ó sì ní àmì náà kò pé nítorí pé kò ní òkùnkùn nínú. A kò lè gba èyí (1 Jòhánù 1:5). Kristi kì í ṣe àwòrán wa. Àwa ni a dá ní àwòrán Ọlọ́run, Kristi sì ni àwòrán náà (Kólósè 1:15).

Àwọn kan ń fi orí inú tí àwọn baba wa gbà gbọ́ wé ẹ̀kọ́ yìí. Lóòótọ́, méjèèjì mọ̀ pé orí òde nìkan kọ́ ni ènìyàn. Ṣùgbọ́n orí inú jẹ́ ìpín tí a yàn, tí a sì ń bọ. Ẹni inú tí Pọ́ọ̀lù sọ kò ní ìrúbọ kankan í gbà. Ẹ̀mí Mímọ́ ló ń fún un lókun (Éfésù 3:16).

Nítorí náà, kí a tó gun àga ìwàásù, ẹ jẹ́ kí a gba àdúrà tó parí Sáàmù 139, kí a sì ní àgbà kan nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ tí a lè jẹ́wọ́ fún. Dáfídì nílò Nátánì; àwa náà nílò tiwa.