Ìkìlọ̀ Àwọn Òbí Lórí Ìlera Ọmọ: Èwo Ni Òótọ́, Èwo Ni Ó Léwu?

Bóyá ní Ìmẹ̀kọ ni o, bóyá ní Àfọ̀n, Ìlárá tàbí Ìwóyè, kò sí ọmọ tí kò tíì gbọ́ irú ìkìlọ̀ báyìí rí: "Má mu gàárì jù, yóò ba ojú rẹ jẹ́." "Kúrò nínú oòrùn, kí ibà má baà mú ọ." "Ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè." Àwọn ìyá wa gbọ́ wọn lẹ́nu ìyá tiwọn, ìfẹ́ ọmọ ni ó sì mú wọn máa sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìkìlọ̀ yìí kò dọ́gba. Òmíràn ní òótọ́ nínú, òmíràn kò ní, òmíràn sì wà tí ó ti gba ẹ̀mí ọmọ. Ohun tí ó yẹ kí òbí fi ṣe òṣùwọ̀n ìkìlọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ohun tí ìkìlọ̀ náà ń mú un ṣe nígbà tí ara ọmọ kò bá yá.

Gàárì àti ojú

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tí ó lè di májèlé sáyánáìdì bí a kò bá ṣe é dáadáa. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti ní Òṣósà, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Wọ́n rí àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn dáadáa mọ́, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n padà sí Òṣósà lẹ́yìn náà ṣì bá àìsàn náà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń jiyàn bóyá ẹ̀gẹ́ nìkan ni ó fà á.

Nítorí náà, ife gàárì kan kò lè fọ́ ojú ẹnikẹ́ni. Ewu wà nínú kí a máa kánjú ṣe gàárì, kí a sì máa jẹ ẹ́ láìsí ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí wàrà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí ẹ rin wà nínú àpò fún ọjọ́ mẹ́ta ó kéré tán, kí omi rẹ̀ gbẹ dáadáa, kí ẹ tó yan án. Ẹ jẹ́ kí ti láfún náà kan dáadáa, kí ẹ sì da omi tí ẹ fi rẹ ẹ́ nù.

Oòrùn, epo pupa àti ibà

Oòrùn kì í fa ibà, bẹ́ẹ̀ ni epo pupa kì í fà á. Ní ọdún 1897, Ronald Ross, dókítà kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, rí kòkòrò ibà nínú ikùn ẹ̀fọn. Abo ẹ̀fọn tí ń jẹni lóru ni ó ń gbé kòkòrò náà láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Oòrùn líle lè fa orí fífọ́ àti àárẹ̀, ó sì dára kí ọmọ sinmi ní ibòji. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a lé kúrò nínú oòrùn lọ́sàn-án, tí ó sì sùn láìsí àwọ̀n apẹ̀fọn lóru, kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ibà. Ní ti epo pupa, ó ní èròjà fítámì A tí ó ń ṣe ojú lóore.

Ẹyin àti olè jíjà

Àwọn àgbà fẹ́ kí ọmọ mọ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, èrò rere sì ni. Ṣùgbọ́n ẹyin kì í sọ ọmọ di olè, àìrí oúnjẹ bẹ́ẹ̀ jẹ ni ó ń ṣe ọmọ níbi. Ní àwọn ọdún 1930, Dókítà Cicely Williams rí àwọn ọmọ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Gánà lónìí, tí ẹsẹ̀ àti ikùn wọn wú, tí irun wọn sì pọ́n. Àwọn Gã ń pe àìsàn náà ní kwashiorkor, àìsàn tí ń mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e, tí a sì já a lẹ́nu ọmú. Oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà ni ó ṣọ̀wọ́n fún wọn. Bí ẹyin kan bá wà nílé, ọmọ ni ó nílò rẹ̀ jù.

Eyín tí ń hù àti ìgbẹ́ gbuuru

Ibí yìí ni ewu ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Eyín lè mú kí ẹ̀rìgì ọmọ máa dùn ún, kí ó máa da itọ́, kí ó má sì sùn dáadáa. Kì í fa ibà gbígbóná tàbí ìgbẹ́ gbuuru. Ọjọ́ orí tí eyín ń hù ni ọmọ ń rá kiri, tí ó ń kó ohun gbogbo tí ó bá rí sẹ́nu. Ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ti ń wọlé. Òbí tí ó bá gbà pé eyín ni yóò dúró kí eyín yọ, nígbà tí omi ara ọmọ ń tán lọ.

Ìgbàgbọ́ yìí náà ni ó mú kí oògùn eyín tà púpọ̀. Ní ìparí ọdún 2008 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2009, oògùn eyín olómi kan tí a ń pè ní My Pikin, tí májèlé diethylene glycol ti wọ inú rẹ̀, pa ọmọ 84 ní Nàìjíríà. Kíndìnrín wọn ni ó daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọmọ bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹ máa fún un ní ọmú, kí ẹ sì gba ORS àti síǹkì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé.

Giri àti àgbo tábà

Ibà tí ó ga ni ó sábà máa ń fa giri, pàápàá fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ewé tábà, aáyù àti efinrin tí a rẹ sínú ìtọ̀ màlúù. Ìwádìí tí a ṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé àdàlù yìí máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè dá èémí dúró. Ṣúgà tí ó wálẹ̀ náà a tún máa fa giri mìíràn. Báyìí ni oògùn ń di àìsàn.

Bí giri bá mú ọmọ, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ṣe ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má ṣe da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má sì ṣe na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Láti abúlé oko, ọ̀nà lè jìn. Àkókò tí a bá fi ń wá àgbo ni ó yẹ kí a ti fi wà lójú ọ̀nà.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ dúró

Ẹ má ṣe jáfara bí ọmọ bá kọ ọmú tàbí oúnjẹ, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó jẹ, bí giri bá mú un, bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí bí ó bá ń sùn tí kò ṣeé jí. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà máa kìlọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ọ̀sì náà yẹ ọmọ wò.